Alùpùpù Krúsà Fún Ẹni Tí Kò Gun Alùpùpù Rí

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń gbé ní Ìgàndò, tí ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá lójoojúmọ́. Ó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ dánfó ti sú òun. Pé òun a máa jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, síbẹ̀ òun a máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Pé òun ti fi ọdún mẹ́ta dá àjọ, owó náà sì ti pé. Àti pé òun kò fẹ́ irú alùpùpù tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn, bí kò ṣe irú èyí tí wọ́n ń pè ní krúsà. Ó ti rí ọ̀kan tí ẹ̀ńjìnì rẹ̀ jẹ́ cc 750 níbi tí wọ́n gbé ń ta tòkunbọ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti fà mọ́ ọn. Kò gun alùpùpù rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ó ní kí a bá òun yàn.

Ìwé lásán ni ìwé náà ìbá jẹ́, bí kì í bá ṣe ti ohun tí a rí nígbà tí a yí i padà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọwọ́ mìíràn, ọwọ́ obìnrin, ti kọ ìlà mẹ́ta péré pé: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi bi ọkọ mi léèrè ibi tí èmi àti oyún oṣù márùn-ún yóò jókòó sí. Èmi kò ní kí ó má rà á.” A ka ìlà mẹ́ta yìí ní àkàtúnkà ju ojú ìwé méjì tí ọkọ kọ lọ. Àwa kò mọ̀ bóyá ọkọ mọ̀ pé ìyàwó òun kọ nǹkan sí ẹ̀yìn ìwé náà kí ó tó fi í ránṣẹ́. Bí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti mọ̀ wàyí.

Fún àwọn tí kò mọ ohun tí a ń pè ní krúsà, alùpùpù tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀ ni, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì ga, tí ẹni tí ó gùn ún a na ẹsẹ̀ síwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ a sì gún bí ti baálé ilé lórí àga rẹ̀. Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀, ní ilẹ̀ tí ọ̀nà gbé gùn tí ó sì tẹ́jú, tí ènìyàn lè rìn jìnnà kí ó tó bá ọkọ̀ mìíràn pàdé. Ilé iṣẹ́ Harley-Davidson, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1903, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn ará Jàpáánù, bíi Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki, tẹ̀lé e, àwọn ará Íńdíà náà kò sì gbẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojú ayé nìkan ni ó ń fa ènìyàn sí i. Ìdí gidi kan wà tí krúsà fi bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mu. Nítorí tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì a máa kan ilẹ̀ pátápátá nígbà tí ó bá dúró. Ẹni tí ó jókòó sórí alùpùpù gíga, tí ó jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ó fi ń tọ ilẹ̀, òkúta kékeré kan ti tó láti bì í ṣubú. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjókòó bá fi fúnni, ìwúwo lè gbà á padà. Lórí ìwúwo yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ti òní sì dúró lé. Eré ni ó ń pa ènìyàn, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ìdúró ni ó ń kọ́kọ́ dójú ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Nígbà tí alùpùpù bá ń lọ, ìrìn rẹ̀ ni ó ń gbé e dúró. Nígbà tí kò bá lọ mọ́, ìwọ ni. Ta ni kò sì mọ̀ pé láti Ìgàndò dé Ẹgbẹ́dá, ìdúró pọ̀ ju ìrìn lọ?

Àwa mọ ohun tí a ń sọ. Ní ọdún 2008, nígbà tí irun wa kò tíì funfun, a ra krúsà tòkunbọ̀ kan tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó tà á fún wa fi pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì láti tì í jáde. Ìyẹn ìbá ti tó wa ní àmì. Kí a má purọ́ fún yín, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ni a fi rà á. Alábàágbé wa kan ni ó ra mọ́tò, a sì fẹ́ kí ohùn alùpùpù tiwa máa jí i ní òwúrọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ní ìrọ̀lẹ́, a dé Ìkọ̀tún, nítòsí oríta tí ọkọ̀ gbé ń yí po. Dánfó kan dúró gán-ún ní iwájú wa láti gbé èrò. A fún bíréèkì iwájú nígbà tí a ti yí ọwọ́ alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́, a sì gbé ẹsẹ̀ lé yanrìn. Kò ṣubú bí ohun tí ń ṣubú. Ó rọra wó lulẹ̀ ní, bí màlúù tí ó rẹ̀, títí ó fi tẹ́ ara rẹ̀ sórí tòmátì obìnrin kan. A gbìyànjú láti gbé e, kò mira. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó bá wa gbé e dìde. Obìnrin náà kò ṣépè, kò sì pariwo; ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ni ín ni, àbí òun ni ó ni yín?” A san owó tòmátì rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni a kò rí ìdáhùn sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó parí sí, ẹ̀rín ni à bá máa fi í rín. Ní oṣù kejì lẹ́yìn èyí, a gbé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sí ẹ̀yìn. Sàléńsà alùpùpù náà gùn, ó sì nà ní ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ krúsà ti rí. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ sọ̀, apá ọ̀tún ni ó gbà, ojúgun rẹ̀ sì kan irin gbígbóná náà. Ó ti di ìyàwó ilé báyìí. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó tóbi tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Kò mẹ́nu kàn án fún wa rí. Àwa ni ojú wa máa ń lọ síbẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá wá kí wa.

Nítorí náà, ọmọ wa ti Ìgàndò, kí a tó dárúkọ alùpùpù kankan fún yín, ẹ jẹ́ kí a fi àpò sìmẹ́ńtì ṣírò rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ ilé ní Alímọ̀ṣọ́ tí kò mọ bí àpò kan, kílò 50, ti wúwo tó. Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn kò pé àpò mẹ́ta. Krúsà cc 750 bí èyí tí ó wù yín a máa tó bí àpò márùn-ún. Àwọn ńláńlá ti Harley, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Road King, ju àpò méje lọ. Nígbà tí irú èyí bá tẹ̀ kọjá ibi tí apá ká, kò sí agbára tí ènìyàn ní tí yóò dá a dúró. Kí ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni ó kù.

Láàárín ìwọ̀nyí ni ohun tí ó yẹ yín wà. Honda ṣe ọ̀kan tí a ń pè ní Rebel 250. Ọdún 1985 ni ó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ cc 234. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà fi í kọ́ àwọn tí kò gun alùpùpù rí, nítorí tí ó rọrùn, tí ó rẹlẹ̀, tí kì í sì í bínú. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2017 ni Rebel 300, cc 286, tí ìjókòó rẹ̀ ga ní mìlímítà 690 péré láti ilẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní àpò mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Rebel 500, tí kò pé àpò mẹ́rin. Àwọn ará Íńdíà ní Royal Enfield Meteor 350 tiwọn, tí ó jáde ní ọdún 2020. Kílò 191 ni, ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 765, nítorí náà kí ẹni tí kò ga kọ́kọ́ jókòó sórí rẹ̀ wò. Bajaj tí ó ṣe Boxer náà ní krúsà kan tí ń jẹ́ Avenger. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ti àwa ni pé kí ẹni tí kò gun alùpùpù rí má ṣe kọjá cc 350 ní àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìwúwo nìkan. Nínú ẹ̀ńjìnì ńlá, bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣèèṣì lọ́ díẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù tàbí nítorí kòtò, alùpùpù a fò síwájú kí ọpọlọ tó mọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Èyí tí ó kéré a máa dárí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ jini.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn tí ń tà á kì í sọ. Krúsà kò ka ojú ọ̀nà wa mọ́ ara nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Inú rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀. Bọ́m̀pù tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn mọ, èyí tí ó ga bí ìloro ilé, a máa ha á nísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀. Ibi tí Boxer gbé ń yọ́ kọjá láàárín dánfó méjì, tirẹ̀ yóò há síbẹ̀. Ẹ̀ńjìnì ńlá tí afẹ́fẹ́ ìrìn nìkan ń tù lára a sì máa gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, títí ooru rẹ̀ yóò fi máa sun itan ẹni tí ó gùn ún. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́; lójú tiwa, ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn a máa jáde ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ó bá sì ra èyí tí kò wọ́pọ̀, kí ó mọ̀ pé mẹkáníìkì tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìdìmù lè di ojú méjèèjì kí ó tú Boxer palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé tiwa lọ bá ọ̀kan nínú wọn, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọwọ́ kàn án, ó sì ní kí a fi nọ́ńbà fóònù wa sílẹ̀. Ẹ wá mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ra alùpùpù, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ lọ ní ojúmọmọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ń tà á mọ wákàtí tí ẹ ń bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ọwọ́ súnmọ́ ẹ̀ńjìnì náà kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti ń gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, bóyá nítorí pé kì í tètè ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá tutù. Ẹ wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, tí méjì ìkẹyìn sì ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè dán kí ó sì ti gbó. Ẹ ka owó tuntun mọ́ iye tí ẹ óò ná. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn irin rẹ̀ wé ti inú ìwé àwọn aṣọ́bodè, létà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwòfẹ̀ẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó sórí rẹ̀, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ dé ìpẹ̀kun ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ fi ẹsẹ̀ yín nìkan tì í sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá lè tì í sẹ́yìn ní ọgbà ẹni tí ń tà á, ẹ kò ní lè tì í jáde nínú ẹrẹ̀ ní oṣù keje. Èyí tí ó lágbára jù lọ nínú ìdánwò náà, tí àwa kò ṣe, ni pé kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí táyà àtijọ́, kí ẹ sì gbé e dìde fúnra yín. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ fi ìdí ti ìjókòó rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ibi ìdarí mú, ẹ fi èkejì di irin abẹ́ ìjókòó, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Itan ni kí ó ṣiṣẹ́, kì í ṣe eegun ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ẹ kò sì lè ṣe é, ìdáhùn náà kan náà ni.

Ní ti òfin, kí a yára kọjá. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti alùpùpù ni èyí tí ó ní létà A. Kí ẹ gbà á kí ẹ tó gun títì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n fi mẹ́rin kún un, tí Oshòdì-Ìsọlọ̀ àti Mushin wà níbẹ̀. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú mẹ́wàá yìí, ọ̀nà Ìgàndò sí Ẹgbẹ́dá kò sì jáde kúrò ní Alímọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ ré kọjá sí Ìkẹjà lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìrìnnà ìjọba kí ó tó gbéra, kí ó sì máa mú gbogbo ìwé rẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ àṣíborí ni a kò ní yára kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé e, ìròyìn kàn kárí ayé pé àwọn kan ní ilẹ̀ wa fi igbá dé orí, àwọn mìíràn sì fi ìkòkò. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Síbẹ̀, àṣíborí tí ọ̀pọ̀ ń rà lónìí kò sàn ju igbá lọ: ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní fóòmù líle nínú. Ẹ wo ìtàn yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì olókìkí nì, T. E. Lawrence, tí wọ́n ń pè ní Lawrence ti Arébíà, ń gun alùpùpù ńlá rẹ̀ bọ̀ ní ìgbèríko. Ó fẹ́ yẹra fún ọmọkùnrin méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, kò sì dé nǹkan sí orí. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi wà láìmọ ara rẹ̀ kí ó tó kú. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tí ó tọ́jú rẹ̀, Hugh Cairns, kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka iye àwọn ọlọ́pọlọ fífọ́ tí wọ́n ń gbé wá, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1941. Ọdún 1973 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó sọ àṣíborí di dandan. Àwọn tí ó kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀ ní ọdún 2008 rí i pé ó ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Nítorí náà kí owó àṣíborí jáde kí owó alùpùpù tó jáde: èyí tí ó bo àgbọ̀n, tí ó há orí dáadáa, tí kò sì ṣubú rí. Tòkunbọ̀ àṣíborí kò dára, nítorí ojú kò lè rí fóòmù tí ó ti fọ́ nínú.

Ó ku ìlà mẹ́ta ti ẹ̀yìn ìwé. Ìyá ọmọ wa, ẹ gbọ́ ìdáhùn tiwa: kò sí ibi tí ẹ̀yin àti oyún yóò jókòó sí. Àwa kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn kankan sẹ́yìn títí yóò fi lo ọdún kan ó kéré tán, nítorí ẹni tí ó wà lẹ́yìn a máa fi àpò sìmẹ́ńtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún un ní ibi tí ó ti nira jù láti gbé dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má rí ọmọ tuntun ní pípọ̀n lẹ́yìn yín lórí rẹ̀, bí a ti ń rí i ní Ìyànà-Ìpájà lójoojúmọ́. Kò sí àṣíborí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́. Kí ọkọ yín mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, kí ó sì rò ó sínú iye rẹ̀. Bí ó bá ra èyí tí ó kéré dípò cc 750 náà, owó yóò kù. Nínú èyí tí ó kù ni kí ó ti yọ owó takisí ọjọ́ ìrọbí sọ́tọ̀, kí ó fi lé yín lọ́wọ́, kì í ṣe sí àpò tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, kò jìnnà sí yín, ṣùgbọ́n kò súnmọ́ tó ohun tí a ń fi alùpùpù lọ ní òru.

Ẹ̀yin ọkọ, a kò ní kí ẹ má rà á, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó yín kò ti ní kí ẹ má rà á. Ẹ kọ́kọ́ wá alùpùpù kékeré yá, kí ẹ wá pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dúró, kí ẹ tún máa lọ, títí ẹsẹ̀ yín kò fi ní máa wá ilẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù mọ́. Bí ẹ bá ṣe é fún oṣù kan tí ọkàn yín sì wà lórí krúsà síbẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà á, kí ẹ mú ìyàwó yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá rà á tán, ẹ kọ̀wé sí wa kí a mọ èyí tí ẹ mú. Kí ìyàwó yín kọ tirẹ̀ ní ojú ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ẹ kọ ti yín sí ẹ̀yìn.